Ibo Ni Lífítì Òfìfo Ń Lọ?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Lífítì fi ń gbé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ròkè, tó sì ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀, láì fi ọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Lífítì ilé sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé náà ga, àjà mẹ́sàn-án ni, lífítì méjì ló sì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún èèyàn, ọ̀kan fún ẹrù. Ó ń tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́jú àgbàlagbà méjì tí wọn kò gba ti ara wọn. Tí ara ọ̀kan bá ti ń yá, èkejì á dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri nísàlẹ̀, kó sọ fún ọ pé bíréèkì ti ń jẹ, tàbí pé ẹnì kan ní àjà keje ti fi àga dá ilẹ̀kùn dúró, kò sì ní ṣì í.

Bàbá Lífítì ni gbogbo ayé ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí ìwé owó-oṣù nìkan mọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tó bá rí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì léraléra. Ìyẹn ló ń bí i nínú jù láyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí ayé tó á dé ẹnu lífítì, á máa gún bọ́tìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, àfi bí ẹni pé lífítì adití ni. Bàbá Lífítì á rọra sún mọ́ ọn, á ní, "Ó ti gbọ́ yín láti ìgbà àkọ́kọ́, sà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù láàárín abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná, torí kò sí ohun tí ọmọ yẹn kò ní fọwọ́ kàn. Nítorí náà, tó bá ti jáde ilé ìwé, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbà lọ. Wọ́n á jọ gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá kékeré kan lórí òrùlé ilé náà, níbi tí ẹ́ńjìnnì lífítì méjèèjì wà. Ọmọ á dojú korobá ọ̀dà kan dé, á jókòó lé e, á máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, á sì máa da ìbéèrè bo bàbá rẹ̀. Kí ló ń yí kẹ̀kẹ́ yẹn? Kí ló wà nínú iná tó fi lè ti nǹkan? Kí ló dé tí okùn kò fi já? Bàbá ń dáhùn èyí tó bá mọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, á sì lúgọ de ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá kọ́kọ́ wọ lífítì lọ́jọ́ kejì. Ìṣẹ́jú kan ó dín díẹ̀ ni lífítì ń lò láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹsàn-án. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé títí tó fi máa yé Bàbá Lífítì, kó lè rí i sọ fún ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀gùn.

Báyìí ni ọmọ ṣe dàgbà. Ó wọ yunifásítì, físíìsì ló kọ́, ó lọ kàwé sí i níbòmíràn, ó gboyè dókítà, ó sì padà wá di olùkọ́ nínú ilé kan náà, ní àjà karùn-ún. Bàbá Lífítì kò pariwo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn yọ gbogbo gílóòbù tó wà níwájú lífítì ní àjà karùn-ún, ó fi tuntun sí i, ó sì nu ilẹ̀kùn ibẹ̀ títí tó fi ń dán. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ó ti tó àsìkò tẹ́lẹ̀ ni.

Kọ́ọ̀sì kan ló wá da ìdààmú sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́dún kìíní ni, ó dá lórí iná mànàmáná, òòfà, àti agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo ohun tó bá lọ sókè padà wálẹ̀. Bàbá àgbà kan ló ti ń kọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ìwé kan náà ló ń kà jáde lọ́dọọdún, ohùn kan náà ló fi ń kà á, kì í sì í gbójú sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ kọ́ọ̀sì náà ní Ṣáà-Jẹ́-N-Là-Á-Já. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdajì wọn ti sá lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí bàbá àgbà fẹ̀yìn tì, olórí ẹ̀ka gbé kọ́ọ̀sì náà fún olùkọ́ tuntun yìí, ṣùgbọ́n ó ní òun máa wá jókòó síbi ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Bí àwọn ọmọ bá ń sùn, bí wọ́n bá ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìṣe wọn, ẹlòmíràn ni òun máa gbé e fún. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé torí kọ́ọ̀sì yìí gan-an ni wọ́n ṣe gba ọmọ náà síṣẹ́, ọdún kan péré ni wọ́n sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Tí kọ́ọ̀sì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó wá jẹun nílé. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ kò dín. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé kí ni òun fẹ́ wá lọ síbẹ̀, ṣé lífítì wà nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ẹ̀rín yẹn kò dénú o. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí. Ó mú un, ó fi kún nǹkan mìíràn tó ti ń dùn ún láti bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ ní àjà karùn-ún, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpótí wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lífítì. Ọmọ rẹ̀ àti olùkọ́ méjì mìíràn ń bọ̀. Ọmọ náà rọra sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó sì kọjá lọ. Kò pe Bàbá. Kò tilẹ̀ dúró. Bàbá Lífítì dáhùn pé ẹ ṣeun, mà, ó sì tẹjú mọ́ wáyà tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò rántí èyí tó fẹ́ so mọ́ èyí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, ó ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ korò. Ojú ń ti ọmọ rẹ̀ láti jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń fi síbí ro tíì tí kò tíì fi ṣúgà sí, ó sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Obìnrin náà kàn ń wò ó, títí tó fi tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ìyàwó rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wá ibi jókòó sí.

"Bàbá ọmọ mi, ta ló kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀?" ó ní. "Ṣebí ìwọ náà ni."

Ó wá rán an létí. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méje lọ lọ́jọ́ tó sáré wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, tó ń ké Bàbá, Bàbá, nígbà tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà láàárín wáyà. Bàbá yíjú lójijì, iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó mú ọmọ jókòó, ó sì ṣe òfin fún un. Ẹni tó bá rí òun tí ọwọ́ òun wà nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ pe òun ní orúkọ tó máa mú òun bojú wẹ̀yìn. Kó rọra kí òun bí àlejò, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà pa òfin yìí mọ́ fún odidi ogún ọdún ó lé. Bàbá tó ṣòfin ló gbàgbé, tó wá ń bínú pé wọ́n pa á mọ́.

Ojú ti Bàbá Lífítì, ara sì tù ú. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló lọ. Ẹ-má-wá ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò mọ ìdí ìyẹn, ṣùgbọ́n ká ní òun ni, òun máa lọ. Aṣọ ìyàwó kan ló dí òun lọ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Ọjọ́rú, apá òsì rẹ̀ kò sì tíì wọlé.

"Lọ jókòó sẹ́yìn," ó ní. "Ó ní kí o má wá, kò ní kí o má tún nǹkan ṣe níbẹ̀."

Bí aago mẹ́wàá ṣe ń lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Lífítì ti wà ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ aró àti àpò sípánà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jókòó tì í bi í bóyá fáànù ló fẹ́ tún ṣe. Ó gbójú sókè wo fáànù, ó ní òun ń wò ó lọ́wọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Gbọ̀ngàn náà kún dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tó igba. Olórí ẹ̀ka, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi awò sójú, wà lápá ọ̀tún níwájú, ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀.

Olùkọ́ wọlé. Bàbá rẹ̀ mọ ìrìn yẹn. Bó ṣe ń rìn nìyẹn nígbà tó bá fọ́ nǹkan nílé.

Ó kí wọn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n wá kọ́ dá lórí nǹkan mẹ́ta tí ojú kò rí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn náà tí kò sí lọ́wọ́ wọn báyìí. Ó ní òun kò ní kọ ìṣirò kankan lónìí. Àwọn ọmọ mí kanlẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya àpótí kan sójú pátákó, ó ya okùn kan látorí àpótí náà lọ sókè, ó ya kẹ̀kẹ́ kan sókè ibẹ̀, ó fi okùn kọ́ ọ. Ó ní lífítì ilé yìí nìyẹn.

Bàbá Lífítì na ọrùn. Okùn dé orí kẹ̀kẹ́, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀ kejì.

Ẹni tí kò bá tíì dé yàrá orí òrùlé rí kò lè mọ ohun tó kù níbẹ̀. Okùn lífítì kì í parí sórí kẹ̀kẹ́. Ó máa ń gba orí rẹ̀ kọjá, á tún sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń so àwọn irin ńláńlá mọ́. Tí àpótí tí èèyàn ń wọ̀ bá ń gòkè, irin á máa sọ̀kalẹ̀. Tí àpótí bá ń sọ̀kalẹ̀, irin á máa gòkè. Irin yìí wúwo ju àpótí òfìfo lọ dáadáa, kí ẹ́ńjìnnì má bàa máa fi agbára òun nìkan gbé èèyàn. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá Lífítì níṣẹ́ máa ń pe irin náà ní Ẹnìkejì, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá gbàgbé Ẹnìkejì, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọmọ rẹ̀ gbàgbé Ẹnìkejì. Ọmọ tó jókòó lórí korobá ọ̀dà níwájú kẹ̀kẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́fà.

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè mi," olùkọ́ ní. "Lífítì yìí ṣófo. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Iná ti lọ. Mo gun òkè lọ, mo fi ọwọ́ mi ṣí bíréèkì rẹ̀. Ibo ló máa lọ?"

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ìsàlẹ̀ ni. Ó bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ló ń fà á, ibo ni ì bá tún lọ? Ó yíjú, ó kọ ÌSÀLẸ̀ gàdàgbà sójú pátákó, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì dojú kọ wọ́n. Ó béèrè bóyá ẹnì kan wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó dúró. Ó tún béèrè. Olórí ẹ̀ka wo pátákó, ó wo olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń yọ fóònù. Méjì dìde nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n yọ́ jáde. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì já láàárín.

Bàbá Lífítì tún wo ìdí okùn náà. Ó dá a lójú pé ẹ̀rù ló gba gbogbo ohun tí ọmọ náà mọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé òun tó jẹ́ bàbá rẹ̀ ló máa já a kulẹ̀ níwájú igba èèyàn àti níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọmọ tó bẹ òun pé kí òun má wá. Bí òun bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí olórí ẹ̀ka má mọ̀. Kí ni tirẹ̀ pẹ̀lú lífítì? Òun náà ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bàbá Lífítì pinnu láti dákẹ́. Ó tilẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tí kò jẹ́ kó lè dákẹ́ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún kejì tí Bàbá Lífítì dé ẹnu iṣẹ́ ni. Ọ̀gá wà lórí àpótí lífítì tó ṣófo, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá irin kan tó wà lókè orí rẹ̀ mú, ó sì pàṣẹ fún Bàbá Lífítì pé kó ṣí bíréèkì díẹ̀ kí àpótí lè sún wálẹ̀. Ó ṣí i. Àpótí kò wálẹ̀. Ó gòkè. Ọwọ́ ọ̀gá há sáàárín àpótí àti ọ̀pá irin náà. Nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìka mẹ́rin ti lọ, ohun tó sì sọ kò ju pé, "Mo gbàgbé Ẹnìkejì." Àgbà oníṣẹ́ tó ti lo ogún ọdún nídìí rẹ̀ ni o. Nínú igba ọmọ yìí, àwọn kan máa di ẹnjiníà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn máa dúró lórí àpótí òfìfo, á sì rántí pé olùkọ́ òun kọ ÌSÀLẸ̀ gàdàgbà.

Bàbá Lífítì nawọ́ sókè. Nígbà tó rí i pé òpó ti bo òun, ó dìde.

"Ẹ dákun, olùkọ́," ó ní. Kò pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Òkè ló máa lọ."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan níwájú béèrè bóyá ọ̀run ni lífítì tiwọn ń lọ. Gbogbo orí yí padà wo ọkùnrin aláṣọ aró tó wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ni bàbá ń wò. Ọmọ náà di etí tábìlì mú. Bàbá Lífítì ronú pé ó parí, òun ti fọwọ́ ara òun pa iṣẹ́ ọmọ òun.

"Ẹ ṣàlàyé fún wa, sà," olùkọ́ ní.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkólòlò. Ó ní àwòrán náà kò pé, kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́, ẹni tó bá wà nínú lífítì kì í rí i. Ó sọ ti okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá, ó sọ ti irin. Ó ní ilẹ̀ ń fa àpótí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń fa irin náà, irin ló sì wúwo jù, nítorí náà irin ló máa borí, àpótí òfìfo á sì gòkè. Ẹ̀rín ti ń kú. Olùkọ́ wá yíjú sí àwọn ọmọ, ó bi wọ́n pé kí òun tó ṣí bíréèkì, nígbà tí iná ti lọ, kí ló di lífítì mú tí kò fi sún? Ọmọkùnrin kan ní òòfà tó wà nínú bíréèkì ni.

"Rárá o," Bàbá Lífítì ní, ó ti gbàgbé pé òun kọ́ ni wọ́n bi. "Òòfà kì í dì í mú, òòfà ló ń tú u sílẹ̀. Sípíríìnì ló ń dì í mú. Tí iná bá wà, iná á sọ irin kan di òòfà, òòfà á fa bíréèkì ṣí, lífítì á máa lọ. Tí iná bá lọ, òòfà kú nìyẹn, sípíríìnì á gbá bíréèkì mú. Torí náà, tí lífítì bá dá dúró pẹ̀lú yín, ẹ má pariwo. Ìdúró yẹn ló ń gbà yín là. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Ẹ̀rín tún bú, ṣùgbọ́n irú mìíràn ni. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí pátákó, ó ti èyí tó kọ ÌSÀLẸ̀ sí sókè, pátákó kejì sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Lífítì kan wà lójú rẹ̀, ó pé pérépéré: àpótí, kẹ̀kẹ́, okùn tó kọjá sódìkejì, irin ńlá nídìí rẹ̀, bíréèkì, sípíríìnì. Ó ti yà á síbẹ̀ láti àárọ̀. ÒKÈ ló kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ó ní òun parọ́ fún wọn ni, òun sì fẹ́ kí ẹnì kan ta ko òun. Ó ní èèyàn igba gba irọ́ náà gbọ́ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, ẹnì kan ṣoṣo ni kò sì gbà á gbọ́, nítorí pé ó ti fojú rí i. Ohun tó ń fa irin náà wálẹ̀, ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń ṣí bíréèkì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gun lójoojúmọ́, àwọn náà ni wọ́n sì máa fi ọdún yìí kọ́.

Bàbá Lífítì jókòó gbì. Ọmọ náà kò gbàgbé nǹkan kan.

Àbí kí la fẹ́ sọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n kò jẹ́ kí olùkọ́ sinmi. Ẹnì kan béèrè pé èèyàn mélòó ló máa wọ lífítì kó tó dọ́gba pẹ̀lú irin. Olùkọ́ ní òun ti ṣèlérí pé kò ní sí ìṣirò lónìí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń sá fún ìṣirò láti òwúrọ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un báyìí. Wọ́n bi Bàbá Lífítì bí nǹkan ṣe wúwo tó, ó ní àpótí jẹ́ ẹgbẹ̀rin kílò, irin jẹ́ ẹgbẹ̀fà. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n jiyàn, ibi tí wọ́n sì fẹnu kò sí ni pé èèyàn mẹ́fà ni bí wọ́n bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, márùn-ún bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Olórí ẹ̀ka gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Àsìkò kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó dìde.

Nígbà tí àwọn ọmọ túká, olórí ẹ̀ka sọ fún olùkọ́ pé òun kò ní padà wá mọ́, òun ní iṣẹ́ lọ́fíìsì, kó lọ máa ṣètò kọ́ọ̀sì náà fún ọdún yìí àti ọdún tó ń bọ̀, òun á bá a fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó wá wo Bàbá Lífítì, ó béèrè bóyá àwọn méjèèjì jọ ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

"Rárá, sà," olùkọ́ ní. "Bàbá mi ni."

Olórí ẹ̀ka ti ń wọ lífítì yẹn fún ọdún méjìlá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó na ọwọ́, Bàbá Lífítì sì nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ kó tó gbà á.

Bàbá àti ọmọ jọ wọ lífítì. Ilẹ̀kùn pa dé. Nígbà náà ni ọmọ fẹ̀yìn ti ògiri, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà. Ó ní òun mọ̀ pé ó ní kí òun má wá, òun sì mọ̀ pé bóyá aṣọ iṣẹ́ yìí ni.

"Aṣọ wo?" ọmọ náà ní. "Mo ní kí ẹ má wá torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè dákẹ́. Ẹ̀ bá ti dáhùn kí àwọn ọmọ yẹn tó ronú."

Bàbá Lífítì gbé àpò sípánà rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣé wọn ò tiẹ̀ ní ronú," ọmọ náà ní. "Nígbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì tí gbogbo wọn dákẹ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti bọ́. Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni mò ń wò nígbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mò ń wò. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ má ti gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin ni mò ń wá."

Lífítì dé àjà karùn-ún, ilẹ̀kùn ṣí, ó dúró díẹ̀, ó sì tún pa dé mọ́ àwọn méjèèjì nínú.